Ògiri Yàrá Bàbá Àgbà

"La ẹnu."

Bámikẹ́ la ẹnu. Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, tẹ̀ síwájú. Wọ́n wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀, wọ́n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, wọ́n wo tòsì, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó sọ nù sínú aṣọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ náà ti lọ. Wọ́n gbé kọ́ọ̀pù mọ́ọ̀tì tí wọ́n ti da mílíìkì sí lé e lọ́wọ́.

"Mu ún tán. Òun ló ń ti oògùn wọlé."

"Ẹ ṣé, Màmá."

Kì í ṣe pé Màmá ò fẹ́ràn rẹ̀. Oyún tí Bámikẹ́ kọ́kọ́ ní nínú ilé yìí wálẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Màmá ló sì gbá a mọ́ra nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn, tí ẹ̀jẹ̀ rin aṣọ àwọn méjèèjì. Láti ìgbà tí oyún kejì ti dúró, wọn ò jẹ́ kó gbé omi mọ́, wọn ò jẹ́ kó dá lọ sọ́jà, wọn ò jẹ́ kó dá rí nọ́ọ̀sì. Níbikíbi tí Bámikẹ́ bá jókòó sí, àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Màmá ló sì wà lórí àga náà.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Òórùn kan gba ojú fèrèsé wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Màmá ò gbọ́ òórùn náà. Àtàndá, ọkọ rẹ̀, tó ń so okùn bàtà kó tó gba ọ̀nà Ọjà Àlàbá, ò gbọ́ ọ. Bámikẹ́ nìkan ló gbọ́ ọ. Itọ́ kún ẹnu rẹ̀ débi pé ó ní láti yíjú kó tó gbé e mì.

Nígbà tó di agogo mẹ́wàá, òun àti Màmá ti wà níwájú Nọ́ọ̀sì Ọláfúnkẹ́ ní ibùdó ìlera kan lẹ́yìn Okokomaiko. Nọ́ọ̀sì wo ìwé àyẹ̀wò, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e.

"Mẹ́tàlélógún. Ìgbà tẹ́ ẹ wá kẹ́yìn, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ọgbọ̀n la fẹ́, ó kéré tán. Ẹ̀jẹ̀ yín ń lọ sílẹ̀ ni."

"Báwo?" ni Màmá wí. "Nọ́ọ̀sì, ojú mi báyìí ló ń gbé e mì. Mo máa ń yẹ ẹnu rẹ̀ wò!"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí ìyàwó sọ̀rọ̀."

"Ó ń sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Èmi ni ẹnu rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fa àtẹ́lẹwọ́ Bámikẹ́ mọ́ra, ó wò ó. Ó ti funfun bí ẹ̀kọ tútù.

"Ohun kan wà tí mo máa ń bi gbogbo aláboyún," ó ní. "Ṣé ẹ kì í jẹ ohun tí kì í ṣe oúnjẹ? Ẹfun, yìnyín, ìrẹsì tí wọn ò sè, amọ̀? Ẹ má tijú. Ó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn."

Kí Bámikẹ́ tó la ẹnu, Màmá ti bú sẹ́rìn-ín.

"Amọ̀ kẹ̀? Ọmọ tí mò ń fi mílíìkì bọ́! Nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìbà ni wá. Nílé tiwa, òkú la fi ń bọ́ ilẹ̀, a kì í jẹ ẹ́."

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ojú Bámikẹ́ ló ń wò. Bámikẹ́ náà wò ó. Ó wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá ti sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí orókún wọn fi kan ara wọn.

"Rárá, mà," ni Bámikẹ́ wí. "N kì í jẹ nǹkan kan."

"Ó dáa. Ẹ gbọ́ mi o. Bí kò bá gòkè kẹ́ ẹ tó padà wá, a ò ní lè gbẹ̀bí yín níbí. Gbogbo obìnrin tó bá bímọ ló ń da ẹ̀jẹ̀ nù. Èyí tí kò ní tó tẹ́lẹ̀, ìwọ̀nba tó dànù yẹn lè gbé e lọ. Ó lè gbé ọmọ lọ pẹ̀lú. Mi ò ní parọ́ fún yín."

Nínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n wọ̀ padà sí Ìbà, Màmá ń sunkún sínú gèlè wọn. Bámikẹ́ ń wo ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò, tí amọ̀ pupa tútù ga bí òkè. Ó di irin kẹ̀kẹ́ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì títí wọ́n fi kọjá níbẹ̀.

Kò mọ̀-ọ́n-mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ amọ̀. Ilé búlọ́ọ̀kù ló wà níwájú àgbàlá wọn, ẹbí ń gbé apá kan, àwọn ayálégbé ń gbé apá kejì. Lẹ́yìn, yàrá alámọ̀ kan ṣoṣo ló kù nínú ilé àtijọ́. Abẹ́ ilẹ̀ yàrá náà ni wọ́n sin Bàbá Àgbà sí, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n wó o. Wọ́n kàn ń kó èédú, ilẹ̀kùn tó ti yọ àti àwọn ẹ̀rọ tí Àtàndá ní òun máa tún ṣe lọ́jọ́ kan sínú rẹ̀. Páànù orí rẹ̀ ń jò. Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Bámikẹ́ wọlé lọ bu èédú. Omi ti fà sínú ògiri, òórùn náà sì dìde sí i. Ó fi èékánná ha ògiri náà díẹ̀, kó kàn lè mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ó yọ́ lórí ahọ́n rẹ̀, ó tutù, ó dùn láìní adùn kankan. Ó rí bíi pé òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, tí kò sì mọ̀ pé òùngbẹ ni.

Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà kò lè má padà lọ.

Kò ṣàìwádìí. Ó gbé fóònù wọ balùwẹ̀, ibi kan ṣoṣo tí Màmá kì í bá a wọ̀, ó sì kà á. Ohun tó kà níbẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn téèyàn ṣí, tó tún bá ara rẹ̀ nínú yàrá tó ti ń jáde. Ara tí kò ní irin tó, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ló sábà máa ń pòǹgbẹ amọ̀. Amọ̀ náà, tó bá dé inú, a máa di irin tó wà nínú oúnjẹ àti oògùn mú, kò ní jẹ́ kó wọ inú ẹ̀jẹ̀, a sì bá ìgbẹ́ gbé e jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe síńkì tí ọmọ inú ń fẹ́ fi dàgbà. Amọ̀ ibòmíràn tún ní òjé nínú, òjé sì jẹ́ májèlé fún ọmọ. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ló ń lé e lọ sídìí ògiri, ìdí ògiri náà ni ẹ̀jẹ̀ sì ti ń dín kù. Bó bá ṣe ń jẹ ẹ́ sí i ni yóò ṣe máa wù ú jẹ sí i. Ó wá ibi tí òbìrìkìtì náà ti bẹ̀rẹ̀ kó lè já a níbẹ̀. Kò rí i.

Ó gbìyànjú láti dá a dúró. Ó ń rún yìnyín wómúwómú títí eyín fi ń ro ó. Ó jẹ ṣingọ́ọ̀mù títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi le. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá náà, ó fún Àtàndá ní kọ́kọ́rọ́, ó ní eku pọ̀ níbẹ̀. Àtàndá fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó tó wà lọ́nà ẹ̀yìnkùlé, kí gbogbo ará ilé lè rí i mú bí wọ́n bá fẹ́ bu èédú.

Bó bá jẹ́ ẹfun tí wọ́n ń tà lọ́jà ni, ì bá ti sọ. Ṣùgbọ́n ògiri yàrá Bàbá Àgbà! Nínú ilé yìí, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́ á fi ìka kan ilẹ̀, á fi kan ahọ́n. Ẹni tó bá parọ́ nígbà yẹn, ilẹ̀ á gbé e. Ohun táwọn èèyàn ń bẹ̀rù láti fi tọ́ ahọ́n lásán, òun ń fi eyín rún un. Bí oyún yìí bá sì tún wálẹ̀, gbogbo ẹbí ni yóò mọ ohun tó fà á, wọn ò sì ní gbàgbé: ìyàwó tó jẹ baba ńlá ọkọ rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì dé, Àtàndá ò lè jókòó síbì kan. Ẹ̀rọ ínfátà àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe l'Álàbá. Bí nǹkan bá bàjẹ́ tí kò sì mọ ohun tó ṣe é, oúnjẹ kì í lọ lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ti ro ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ yìí," ó ní. "Bátìrì tí mo bá ṣáàjì tí kò kún, ọ̀kan nínú ohun méjì ni. Yálà iná ò wọlé, tàbí iná ń wọlé, nǹkan kan ń fà á jáde lẹ́yìn. Tìrẹ ń wọlé. Màmá ń rí i. Ó ku ohun tó ń fà á."

"Èmi kì í ṣe bátìrì, Àtàndá."

"Mo mọ̀. Bátìrì kì í bínú sí mi." Ó dì í mọ́ra. "Màá wá a rí. O mọ̀ mí."

Ó mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Àtàndá lọ wá tiransifọ́mà àtijọ́ kan nínú yàrá alámọ̀. Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi jáde.

"Màmá! Ẹ wá wo nǹkan!"

Gbogbo ilé sáré dé ibẹ̀. Àtàndá ti ti ilẹ̀kùn àtijọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ògiri ti jẹ wọnú bí ọbẹ̀ tí wọ́n fi ṣíbí ha nídìí ìkòkò.

"Eku ni," ni Bámikẹ́ yára wí.

"Kì í ṣe eku." Àtàndá tan iná fóònù sí i. "Eku á lu ihò, á wọ inú ẹ̀ lọ. Èyí fẹ̀, kò jìn. Ẹ wo ìlà yìí, mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n jọ ń rìn ni. Ìka èèyàn ni. Kò sì ga ju orókún mi lọ, nítorí náà ẹni tó ń ṣe é ń lóṣòó ni. Ẹ tún wo ilẹ̀. Kò sí ìyẹ̀pẹ̀ kankan tó já sílẹ̀. Ẹni náà ń kó gbogbo rẹ̀ lọ."

Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó já àlọ́. Lẹ́yìn náà ló rí ojú ìyá rẹ̀.

"Ẹnì kan ń bu ilẹ̀ orí òkú wa," ni Màmá wí. Wọ́n di àyà mú. "Mo ti mọ̀. Mo ti mọ̀! Oògùn ń wọlé, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Wọ́n ń bu ilẹ̀ Bàbá Àgbà, wọ́n fi ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi."

"Màmá, kì í ṣe..." ni Bámikẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Dákẹ́, ìyàwó mi. Má sọ̀rọ̀ níbí. Jáde. Ibí yìí ò dáa fún ọ." Wọ́n tì í jáde pẹ̀lú ọwọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n sì wo fèrèsé tó kọjú sí yàrá náà.

Fèrèsé Beatrice ni. Beatrice jẹ́ Ègùn láti ọ̀nà Àgbádárìgì, ó ń rán aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ àdúgbò. Àyọ́ọ̀nù eléèédú ló ń lò, torí náà kò sí ọjọ́ tí kì í wọ yàrá náà lọ bu èédú. Òun ló pẹ́ jù nínú àwọn ayálégbé.

Bàbá Àlàbí, tó jẹ́ àgbà ẹbí, dé láti Ìjànikin kó tó di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ ògiri náà, wọ́n wò ó.

"Mi ò ní fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni," ni wọ́n wí. "Ní ọjọ́ Sátidé, gbogbo ẹni tó ń gbé inú àgbàlá yìí yóò búra. Ẹni tó ní Bíbélì kó gbé e dání, èmi náà yóò gbé Kùránì mi dání, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni gbogbo wa jọ ń tẹ̀. Ilẹ̀ la máa fi búra. Ẹni tó bá kọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ Beatrice. Beatrice ń ká okùn tí wọ́n fi ń wọn aṣọ mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Bámikẹ́ nìkan ni òun ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá wọ yàrá lọ gba àdúrà. Bámikẹ́ jáde lọ ká aṣọ lórí okùn. Beatrice ti wà níbẹ̀, ó ń bó ọsàn.

"Ìyàwó."

"Àǹtí Beatrice. Ẹ káàárọ̀, mà."

"Mo rí ẹ."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Bámikẹ́.

"Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀," ni Beatrice wí, ojú rẹ̀ sì wà lára ọsàn. "Mo wá bu èédú, mo rí ẹ̀yìn rẹ níbi tó o lóṣòó sí, mo yí padà. Mo ní ẹni tó ń jẹun, a kì í dí i lọ́wọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ fún ta? Obìnrin tó ń wo inú ẹnu rẹ láràárọ̀? Kí n wá fi ògiri kún iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Mi ò ní búra o, Bámikẹ́. Ìjọ mi ò gbà á. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà á, ilẹ̀ baba ẹni la fi ń búra, a kì í fi ilẹ̀ onílẹ̀. Màá kọ̀, wọ́n á lé mi. Gbogbo ìyá ọmọ tó wà láti ibí dé gáréèjì Ìbà ló ti kó aṣọ fún mi. Níbo ni kí n kó o lọ?"

"Ẹ lè sọ pé èmi ni."

"Mo lè sọ ọ́. Ta ló máa gbà mí gbọ́? Wọ́n á ní mò ń tì í sí aláboyún lọ́rùn." Ó ya ọsàn náà sí méjì, ó na ìdajì rẹ̀ sí i. "Kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde. Fa èyí. Nígbà tí mo lóyún ọmọ mi, èédú ló ń wù mí jẹ. Èédú! Ọsàn ni mo fi ń tàn án."

Bámikẹ́ fa ọsàn náà. Ó kan, ó dùn, kò sì kan ibi tí òùngbẹ wà.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, Màmá ò jẹ́ kó dá nìkan wà rárá. Wọ́n fi àdúrà kún mílíìkì. Wọ́n gbé ibùsùn wọn sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ ọ́ fún Àtàndá, Màmá wà níbẹ̀. Bí Màmá bá lọ, Àtàndá á máa sọ bí òun ṣe máa mú ẹni náà, bí òun ṣe fẹ́ so kámẹ́rà kan mọ́ igun òrùlé, Bámikẹ́ á sì yíjú sí ògiri. Òòyì ń kọ́ ọ tó bá dìde. Yàrá alámọ̀ ti wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lápò Bàbá Àlàbí n'Íjànikin, síbẹ̀ nígbà tí òjò rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń fi ìka ha ilẹ̀ ẹsẹ̀ ògiri balùwẹ̀. Ìyanrìn àti sìmẹ́ǹtì ni. Ó tu ú dànù, ó sì sunkún.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n to àga sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Bàbá Àlàbí ṣí yàrá náà fúnra wọn. Wọ́n fi ọ̀bẹ gé amọ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti jẹ, wọ́n dà á sínú igbá, wọ́n bu omi òjò sí i. Wọ́n rò ó pẹ̀lú ìka kan. Òórùn náà dìde. Bámikẹ́ fi gèlè bo imú.

"Ohun tí a máa wí nìyí," ni Bàbá wí. "Bí mo bá bu ilẹ̀ Bàbá Àgbà láti fi ṣe ibi sí ọmọ ilé yìí, kí ilẹ̀ yìí gbé mi. Lẹ́yìn náà, kí a fi igbá kan ẹnu. Ẹ má mu ún. Kó kàn tọ́ ahọ́n ni."

Bàbá fúnra wọn ló ṣáájú. Màmá tẹ̀ lé wọn. Àtàndá sọ tirẹ̀ kíá, ó fi ahọ́n kàn án, ó fín imú. Igbá dé ọ̀dọ̀ Beatrice.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Mi ò ní búra."

Màmá dìde. "Ẹ ò rí i? Ẹ ò rí i bí?"

"Àǹtí Beatrice," ni Àtàndá bẹ̀ ẹ́, "ẹ kàn fi tọ́ ahọ́n, kó parí."

"Àtàndá, ìwọ tó máa ń wo wáyà tó o sì máa ń mọ èyí tó jó. Wò mí dáadáa. Ṣé èmi ni mo jó?"

Àtàndá wo ilẹ̀.

"Kò sí ìjà," ni Bàbá Àlàbí wí. "Ẹni tó kọ̀ ti kọ̀. Beatrice, bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. Ẹ gbé igbá fún ìyàwó, kí á parí ẹ̀."

Wọ́n gbé igbá lé Bámikẹ́ lọ́wọ́. Ó ti yí ọ̀rọ̀ ìbúra náà wò láti ìgbà tí Bàbá ti sọ ọ́, ó sì ti rí ojú ọ̀nà kékeré kan nínú rẹ̀. Láti fi ṣe ibi sí ọmọ ilé yìí. Òun ò fi ṣe ibi sí ẹnikẹ́ni. Ebi ló pa á. Ó lè wí gbogbo rẹ̀ láìparọ́, ilẹ̀ ò ní rí nǹkan bá a wí, yóò sì bọ́. Beatrice ni kò ní bọ́. Bó ṣe ń ronú bẹ́ẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ yí, ó fi ẹsẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀nà kékeré náà sì dí. Èyí tó wà nínú rẹ̀ yìí, ọmọ ilé wo ni?

"Wí i, ọmọ mi," ni Màmá sọ jẹ́jẹ́.

"Bí mo bá bu ilẹ̀ Bàbá Àgbà..." Ó dúró. Igbá ti wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ó kàn fẹ́ gbé e kúrò nítòsí imú ni. Ṣùgbọ́n etí igbá kan ètè rẹ̀, amọ̀ tútù náà kan ahọ́n rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì gbé igbá náà sókè láìdúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó mu ún. Ó gbé e mì gbùúgbùú, ojú rẹ̀ dì. Ó fi ìka ha ìdí igbá, ó lá ìka náà, ó tún ha á.

Nígbà tó la ojú, igbá ti gbẹ.

Màmá ń wò ó. Bámikẹ́ ti mọ ohun tó kàn. Ó yíjú sí wọn, ó sì la ẹnu fúnra rẹ̀, gbangba, kí wọ́n lè rí amọ̀ tó wà lórí ahọ́n, lábẹ́ ahọ́n, láàárín eyín.

"Èmi ni," ó ní. "Mi ò fi ṣe oògùn. Mo jẹ ẹ́ ni."

"O jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́, Màmá. Láti oṣù kẹta oyún. Mi ò lè dá a dúró. Àǹtí Beatrice ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó jẹ Bàbá Àgbà," ni wọ́n wí, bí ẹni ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. "Yéè! Ìyàwó mi jẹ Bàbá Àgbà."

Àtàndá lọ sídìí ògiri. Ó pe Bámikẹ́ pẹ̀lú ọwọ́, Bámikẹ́ lọ bá a, ó sì gbé ìka mẹ́rin ìyàwó rẹ̀ sínú ìlà mẹ́rin náà. Wọ́n bá ara wọn mu. Ojú rẹ̀ ò dán lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn di ọwọ́ náà mú síbẹ̀, kò fi sílẹ̀.

Bàbá Àlàbí gba igbá, wọ́n wo inú rẹ̀.

"Ilẹ̀ ló ń jẹ èèyàn," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Èèyàn tó ń jẹ ilẹ̀, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí ẹnì kan pe bíríkìlà fún mi." Wọ́n ń lọ, wọ́n dúró. "Beatrice."

"Bàbá."

"Àtàndá ń bọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún ọ."

"Kó dọ̀bálẹ̀ tán, kó bá mi gbé àpò èédú wọlé," ni Beatrice wí. "Ẹ ti tilẹ̀kùn mọ́ èédú mi láti Àìkú."

Lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Ọláfúnkẹ́, Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà fúnra wọn. Àga ẹ̀gbẹ́ Bámikẹ́ ṣófo. Bámikẹ́ sọ gbogbo rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì gbọ́ ọ láìyí ojú padà.

"Oògùn yẹn, kí lẹ fi ń gbé e mì?"

"Mílíìkì àti mọ́ọ̀tì."

Nọ́ọ̀sì mi orí. "Mílíìkì náà kì í jẹ́ kí irin wọlé dáadáa. Omi ọsàn ni kẹ́ ẹ máa fi gbé e mì. Mílíìkì lè dé lẹ́yìn wákàtí díẹ̀."

"Yéè!" ni Màmá wí láti ẹnu ọ̀nà. "Àṣé èmi náà wà nídìí ògiri."

Wọ́n gbé Bámikẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n fa irin sí i lára gba ojú iṣan, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti fi wo òjé. Nígbà tó fi máa dé, bíríkìlà ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ yàrá alámọ̀ náà nínú àti lóde, ó dán, ó sì rí bí ibojì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gòkè dé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Èsì òjé ò tíì jáde. Nọ́ọ̀sì ní nǹkan oṣù kan ló ṣì kù kó tó bí, kí wọ́n má tíì dúpẹ́.

Ní ọ̀sán kan, ojú ọ̀run dúdú. Bámikẹ́ jókòó sí gbọ̀ngàn, abọ́ ọsàn wà lórí itan rẹ̀. Ìkán òjò àkọ́kọ́ bọ́ lu páànù. Lẹ́yìn náà, òórùn náà dé. Kò ti yàrá Bàbá Àgbà wá. Ó ti ẹ̀gbẹ́ ọgbà wá, ó ti kòtò títì wá, ó ti àgbàlá àwọn aládùúgbò wá. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì bo ògiri. Ta ló máa fi sìmẹ́ǹtì bo Ìbà?

Màmá fa àga wọn sún mọ́ ọn. Wọn ò ní kó la ẹnu.

"Ṣé ó ń pè ọ́?"

"Ó ń pè mí, Màmá."

Màmá mú ọsàn kan nínú abọ́, wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, wọ́n dì í gírígírí, bí wọ́n ṣe dì í mú nínú kẹ̀kẹ́ lọ́dún tó kọjá.

"Fa á," ni wọ́n wí. "A jọ máa jókòó ni."

Ó fa á. Òjò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.